Ìkòkò Àlàájà Lórí Bébà

Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Kẹwàá, 2007

Mo ti rí ohun tí màá yà. Láti ìgbà tí Mrs. Àyànbọ́lá ti ní kí n wá àwòrán ńlá kan kún àwọn kéékèèké tí mo kó lọ fún wọn ní gálárì wọn ní Ìkòyí, ni mo ti ń wo gbogbo nǹkan tó wà ní Ìkòsí yìí bí olè. Mo wo ọ̀pẹ òyìnbó tí wọ́n tò jọ ní Kétu, mo wo gbòǹgbò igi máńgòrò iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí èyí tó mú mi. Àfi àárọ̀ yìí tí mo lọ pọn omi, tí mo bá ìkòkò tí Àlàájà Kàdíjátù, onílé wa, fi se ìrẹsì Ìtúnu Àwẹ̀ ní ẹ̀bá kànga. Wọn ò tíì fọ̀ ọ́.

Dúdú ara ìkòkò yẹn kì í ṣe oríṣi kan. Ìdí rẹ̀ dúdú bíi kóró iṣin. Ibi tí epo ti hó dànù sí tó sì gbẹ ń dán, ibi tí iná igi ti ń lá a láti ọdún gbọọrọ ti ń ṣí bí èèpo igi. Lọ́rùn rẹ̀, wọ́n fi ìṣó lu orúkọ Àlàájà sí i, ALH. KADIJAT IKOSI, kí ẹni tó bá yá a fún ìnáwó lè mọ ilé tí yóò dá a padà sí. Mo dúró síbẹ̀ títí omi fi kún garawa mi dànù.

Mo bẹ wọ́n kí wọ́n yá mi.

"Tíṣà, ìkòkò tó ń bọ́ odindi àdúgbò, kí lo fẹ́ fi í sè nínú yàrá kan ṣoṣo?"

"Mo fẹ́ yà á ni, mà. Mo fẹ́ gbé àwòrán rẹ̀ lọ Ìkòyí."

"Àwòrán ìkòkò?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìborùn fi bọ́ lórí wọn. "Ó dáa. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ padà kí Iléyá tó dé o. Dúró kí n fọ̀ ọ́ fún ẹ kí o tó gbé e wọlé."

"Ẹ má ṣèyọnu, mà. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Mo gbé e gun àtẹ̀gùn, gbogbo aṣọ mi dúdú. Inú mi ń dùn bíi ti ọmọdé.

Ọjọ́rú, 17 Oṣù Kẹwàá

Mo ti lẹ bébà mọ́ pákó. Èédú ni màá fi yà á, èédú àti rọ́bà ìparẹ́ nìkan. Ọwọ́ òsì ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ máa parí ibi kọ̀ọ̀kan pátápátá kí n tó sún sọ́tùn-ún, torí tí ọwọ́ èèyàn bá gbá ojú èédú pẹ́rẹ́, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Bartho, àbúrò mi, yà kí mi láti ṣọ́ọ̀bù fótò rẹ̀ ní Ojota. Ó wo ìkòkò, ó wo bébà, ó mi orí.

"Sister Kúnbi, ẹ jẹ́ kí n snap ẹ̀ jàre. Màá print ẹ̀ kó big, ẹ máa wò ó yà níbi tó bá wù yín."

Mo ní rárá. Ó ti mọ̀ pé rárá ni màá sọ. Ohun tó bá wà níwájú mi nìkan ni mo máa ń yà, bí mo ṣe rí i. Fótò ti bá mi yan ohun tí màá rí kí n tó jókòó. Bartho ní ìgbéraga lásán ni, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ó tó lọ, ó ya fótò èmi àti ìkòkò náà, ó ní kí Mummy lè rí bí èédú ṣe pọ̀ tó ní imú ọmọ wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kẹwàá

Kò sí iná láti àná. Mo ya etí òsì ìkòkò, ó dúró dáadáa.

Ọjọ́rú, 24 Oṣù Kẹwàá

Mo fi ìkòkò sílẹ̀ lónìí torí àwòrán tòmátì tó kù lára àwọn kéékèèké. Àwọn tòmátì tí mo fi ń ya èyí ti rọ̀, omi ti ń jáde lára wọn. Mo padà lọ sí Mile 12. Ó ti gbówó lórí, wọ́n ní òjò ba ọ̀nà òkè lọ́hùn-ún jẹ́. Mallam tó ń tà á ń ṣa èyí tó le fún mi, mo ní rárá, èyí tí awọ rẹ̀ ti ń hunjọ ni mo fẹ́.

"Madam, this one no go reach tomorrow o."

Mo ní mo mọ̀. Ó wò mí bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, ó sì fi méjì sí i. Mo ya tòmátì náà pẹ̀lú ìhunjọ rẹ̀, lẹ́yìn náà mo fi í se ọbẹ̀. Bartho ní iṣẹ́ tí mo ṣe tó ti bọ́ mi jù látọjọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 29 Oṣù Kẹwàá

Mummy Adékọ̀yà tó ni ilé ìwé pè mí. Wọn ò bínú pé mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Júláì. Wọ́n ní àyè mi ṣì wà, kí n ṣáà fún wọn lésì kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá kí wọ́n gba ẹlòmíràn ní January. Ohùn wọn tutù, ó dùn, ẹ̀rù sì bà mí, torí ó rọrùn láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ yẹn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ wọn ní àwòrán, èmi fúnra mi ò parí ẹyọ kan. Mo ti bá ara mi sọ ọ́ báyìí: tí Mrs. Àyànbọ́lá bá gba àwòrán ńlá yìí sí àfihàn wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kejìlá, mi ò padà sí kíláàsì mọ́. Tí wọn ò bá gbà á, màá padà, màá sì dákẹ́. Mo fẹ́ mọ ibi tí mo dúró.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Oṣù Kọkànlá

Mo ya orúkọ Àlàájà. Gbogbo ojú ìṣó ni mo yà, àti dúdú tó dí inú wọn. K yẹn wọ́ díẹ̀, mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wọ́. Ọwọ́ òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí dé àárín. Mo jókòó sórí ibùsùn mo ń wò ó, mo sì pàtẹ́wọ́ fún ara mi nígbà tí kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ó dára. Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́ mi kẹ́yìn.

Ọjọ́bọ̀, 8 Oṣù Kọkànlá

Ọ̀la la máa lọ Ìjẹ̀bú-Igbó fún ìsìnkú ẹ̀gbọ́n Daddy. Mi ò lè yẹ̀ ẹ́. Òkùnkùn òjò ti ṣú láti ọ̀sán, àjà sì ń jò lápá ibi tí pákó mi wà, kò sì síbòmíràn tó lè gbà á nínú yàrá yìí. Mo kó kọ́kọ́rọ́ fún Àlàájà. Mo ní tí òjò bá rọ̀, kí wọ́n bá mi fi ọ̀rá bo pákó láìfọwọ́ kan ojú bébà.

"Máa lọ ní tìẹ. Ojú mi á wà níbẹ̀."

Ọjọ́ Àìkú, 11 Oṣù Kọkànlá

Mi ò mọ bí màá ṣe kọ èyí.

Mo dé nírọ̀lẹ́. Àlàájà wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rín kún ojú wọn, wọ́n sì tẹ̀lé mi gòkè pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n. Òjò rọ̀ lóòótọ́ ní ìdájí Sátidé. Wọ́n bo pákó bí mo ṣe wí, omi ò kan ojú bébà rárá. Mo ń múra láti dúpẹ́ nígbà tí mo rí ìkòkò lórí tábìlì.

Ó ń dán. Láti ọrùn dé ìdí, ó ń tàn bíi fàdákà. Iyanrìn ni wọ́n fi fọ̀ ọ́, iyanrìn àti eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́. Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ìrun ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi jáwọ́.

"Mo wọlé wá bo nǹkan ẹ, mo wá rí i pé o ò tíì ráyè fọ̀ ọ́. Mo ní ọmọ yìí ò sinmi. O sì sọ pé Ìkòyí lò ń gbé e lọ. Ṣé ó yẹ kí ìkòkò mi lọ sáàárín àwọn èèyàn láìwẹ̀?"

Ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Ohun tí mo sọ fún wọn lọ́jọ́ náà nìyẹn. Wọ́n gbà pé ojú ló ń tì mí kí àgbàlagbà máa bá mi fọ ìkòkò, pé èmi fúnra mi ni màá fọ̀ ọ́. Ta ló máa rò pé ẹnì kan fẹ́ dúdú ìdí ìkòkò? Mo wo ọwọ́ wọn. Ìka wọn ti bó. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣé, mà, ẹ ṣé gan-an, ọwọ́ yín ò ní rọ. Wọ́n ṣe àdúrà fún mi, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà tí mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn wọn pa dé ni mo tó sunkún.

Ọjọ́ Ajé, 12 Oṣù Kọkànlá

Mi ò ṣe nǹkan kan. Mo sùn, mo jí, ó ṣì ń dán.

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Kọkànlá

Mo lọ bá Bartho ní Ojota pé kí ó fún mi ní fótò tó yà lọ́jọ́ náà. Ó fẹ́ fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ó wo ojú mi, ó sì tẹ̀ ẹ́ fún mi ní ńlá. Èmi ni mo hàn kedere jù níbẹ̀. Apá ọ̀tún ìkòkò kàn jẹ́ dúdú ni, ibi tó ń dán àti ibi tó ń ṣí ti di ọ̀kan. Mo ń fi í yà títí di ìrọ̀lẹ́. Ohun tí mo yà jọ táyà ọkọ̀. Mo fi rọ́bà pa gbogbo ti òní rẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Oṣù Kọkànlá

Mo ra igi ìdáná. Mo dúró kí Àlàájà lọ sí ìrun Jímọ̀, mo dáná lẹ́yìn ilé, mo gbé ìkòkò lé e. Èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Dúdú tó mú lára rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí àtíkè, tí mo bá fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ń fò lọ. Ibi tí mo ti ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ iná ni mo ti gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn mi.

"Tíṣà. Kí lò ń sè?"

"Kò sí nǹkan, mà."

"Ìkòkò òfìfo lórí iná. Èyí tí mo fọ̀ títí èékánná mi fi ya."

Kò sí ibi tí mo fẹ́ sá sí. Mo mú wọn gòkè, mo ṣí ọ̀rá kúrò lójú bébà, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Wọ́n wọ awò ojú wọn. Wọ́n wò ó pẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n rí orúkọ wọn.

"Mo rò pé o ò tíì parí ẹ̀ ló ṣe dúdú bẹ́ẹ̀. Àṣé ìdọ̀tí mi gan-an lò ń yà. O tún wá kọ orúkọ mi sí i."

"Orúkọ yẹn wà lára ìkòkò, mà."

"Mo lù ú síbẹ̀ kí ìkòkò mi lè padà wálé ni. Mi ò lù ú síbẹ̀ kí àwọn ará Ìkòyí máa sọ pé ọ̀bùn ni Kàdíjátù. Oúnjẹ ni mo sè tí mo fi kọ́ ilé tí ò ń gbé yìí, Tíṣà. Àwọn èèyàn jẹ ẹ́ torí wọ́n mọ̀ pé mo mọ́ tónítóní. Àwòrán yìí ò gbọ́dọ̀ jáde báyìí."

Wọn ò pariwo. Ì bá sàn fún mi ká ní wọ́n pariwo.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Oṣù Kọkànlá

Àlàájà ń dáhùn tí mo bá kí wọn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mrs. Àyànbọ́lá pè. Wọ́n ní ẹni tó ń ṣe férémù ti ṣe tàwọn yòókù tán, àwòrán ńlá ló kù, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá Sátidé tó ń bọ̀. Mo ní ó ń bọ̀, mà. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀, ètè mi ti ń là.

Ọjọ́ Àìkú, 18 Oṣù Kọkànlá

Mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi ọṣẹ fọ dúdú tuntun yẹn kúrò lára ìkòkò, mo nù ún gbẹ, mo gbé e sórí tábìlì kí n lè lọ dá a padà kí ọ̀rọ̀ sì tán. Oòrùn ń wọlé láti ojú fèrèsé. Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé e, mo bá rí fèrèsé mi nínú rẹ̀.

Irin fèrèsé náà tẹ̀ kọrọdọ. Kọ́tìnì wà níbẹ̀, ibùsùn wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú orí kékeré àti ọwọ́ ńlá. Gbogbo ibi tí ìkòkò ti tẹ̀ wọnú láti ọdún gbọọrọ wá ló ní fèrèsé kékeré tirẹ̀. Mo jókòó pẹ̀sẹ̀. Mo ti ń fọ́nnu látọjọ́ pé ohun tó wà níwájú mi ni mo ń yà. Èyí tó ń dán yìí ló wà níwájú mi, mo sì ti ń bá a bínú láti ọ̀sẹ̀ kan torí pé kì í ṣe èyí tí mo fẹ́. Mo mú èédú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Kọkànlá

Dídán ṣòro ju dúdú lọ. Bébà funfun ni èèyàn máa fi sílẹ̀, èédú á kàn máa yí i ká, tí mo bá sì ti ṣì í, kò ní funfun bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n irin fèrèsé ti wọlé, kọ́tìnì náà ti wọlé.

Lọ́sàn-án, Àlàájà gòkè wá. Wọ́n ní ìkòkò wọn ni wọ́n wá gbé. Gígun àtẹ̀gùn ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n sì jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé láti mí. Mo yíjú sí ìkòkò, mo rí wọn níbẹ̀, kékeré, pẹ̀lú ìborùn funfun.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má dìde."

"Ìkòkò mi ni mo wá gbé."

"Ẹ ó gbé e, mà. Ẹ ṣáà jókòó bẹ́ẹ̀ ná. Ẹ wà nínú ẹ̀."

Wọ́n tẹjú mọ́ ọn. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, ẹni inú ìkòkò náà gbé e sókè. "Ṣé bí imú mi ṣe fẹ̀ nìyí?"

"Ìkòkò ló fẹ̀ ẹ́, mà."

Wọ́n tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n sì jókòó títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Wọn ò gbé ìkòkò lọ. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, "Orúkọ mi ṣì wà nínú ìdọ̀tí yẹn o, Tíṣà."

Ọjọ́bọ̀, 22 Oṣù Kọkànlá

Àlàájà wá jókòó lánàá, wọ́n tún wá lónìí. Wọ́n mú ẹ̀pà dání. Wọ́n sọ fún mi bí wọ́n ṣe ra ìkòkò náà nígbà tí apá ibí yìí ṣì jẹ́ igbó, tí wọ́n ń fi í se ẹ̀wà fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń la ọ̀nà. Mo yí pákó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n má baà rí i. Wọn ò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà, èmi náà ò dárúkọ rẹ̀. Ìborùn yẹn ti wọlé bó ṣe yẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 Oṣù Kọkànlá

Ó parí. Mo lọ pe Àlàájà, mo yí pákó sí wọn, mo sì fi rọ́bà lé wọn lọ́wọ́.

"Ìkòkò yín ni, mà, orúkọ yín sì ni. Tí ẹ bá ní kí ó kúrò, ẹ fi èyí pa á rẹ́. Mi ò ní bínú."

Irọ́ ni, màá bínú. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé e jáde lẹ́yìn wọn.

Wọ́n wọ awò ojú. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n rí fèrèsé, wọ́n rí ara wọn lórí àga, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n wá dé àárín, ibi tí dídán ti pàdé dúdú, ojú wọn sì le.

"Wọ́n á ní mo fọ̀ ọ́ dé ìdajì, ó rẹ̀ mí."

Wọ́n sún mọ́ bébà. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti na ìka, wọ́n fi ra ojú dúdú náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ra ara ìkòkò láti mọ̀ bóyá ó ti mọ́. Mi ò tíì fín oògùn tó ń mú èédú dúró sí i. Ó ṣí tẹ̀lé ìka wọn bí dúdú ara ìkòkò tí wọ́n ń fọ̀.

Àlàájà wo ìka wọn tó ti dúdú. Wọ́n fi àtàǹpàkò ra á, wọ́n gbé e sí imú. Wọ́n wo ìkòkò tó ń dán lórí tábìlì, wọ́n tún wo ìka wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín, irú èyí tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu wọn láti ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Wọ́n dá rọ́bà padà fún mi.

"Fi orúkọ mi sílẹ̀."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo mú èédú kí n tún ibi tí wọ́n fọwọ́ rà ṣe. Ojú ìka wọn gba inú dúdú kọjá lọ sínú dídán, ó fẹ̀ tó ìka kan, kò gún. Èmi ò lè yà á bẹ́ẹ̀ láéláé. Mo fi í sílẹ̀, mo sì fín oògùn sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Oṣù Kọkànlá

Bartho yá ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, a gbé e lọ Ìkòyí. Mrs. Àyànbọ́lá dúró níwájú rẹ̀ pẹ́. Wọ́n wá sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn pé ògiri tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà ni kí wọ́n gbé e kọ́. Bartho ń bọ̀ mí lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ títí a fi dé Ojota.

Ọjọ́rú, 28 Oṣù Kọkànlá

Mo pe Mummy Adékọ̀yà pé kí wọ́n gba ẹlòmíràn. Wọ́n ṣe àdúrà fún mi, wọ́n sì bi mí bóyá àwọn lè kó àwọn ọmọ wá wo àfihàn náà. Mo ní kí wọ́n kó gbogbo wọn wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kejìlá

Ọyẹ́ mú láàárọ̀. Bartho gbé Àlàájà wá, wọ́n wọ léèsì funfun, wọ́n sì mú awò ojú wọn dání. Èrò pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń bèèrè bóyá fótò ni, Bartho tó jẹ́ oní-fótò ló sì ń dá wọn lóhùn pé kì í ṣe fótò o, ẹ má bú ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti ra àwòrán tòmátì. Mrs. Àyànbọ́lá ní a óò jókòó sọ̀rọ̀ ìpàtẹ tèmi nìkan lọ́dún tó ń bọ̀.

Àlàájà ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Wọ́n gbé àga fún wọn, wọ́n kọ̀ ọ́. Obìnrin kan tó wọ aṣọ olówó ńlá sún mọ́ bébà, ó wo apá dúdú, ó wo apá dídán, ó ka orúkọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ sókè, ó wá yíjú sí mi.

"Ó rẹwà gan-an. Àmọ́ kí ló dé tí ẹ fi dá a dúró sí ìdajì?"

Mo la ẹnu. Àlàájà fi ọwọ́ dá mi dúró, wọ́n tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n sì na ìka sí orúkọ náà.

"Èmi ni Kàdíjátù. Mi ò tíì fọ̀ ọ́ tán ni."